Ọdún Tí Àwo Tuntun Dé Sílé Wa ní Nyanya

Ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi àti bàbá mi nìkan la wà nílé. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, ilé ìwòsàn ìjọba ní Adó-Èkìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì ni wọ́n sì jọ wà níbẹ̀. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ìwé tí yóò gbé ìyá mi wá sọ́dọ̀ wa. Ìwé náà ò dé. Wọ́n wá pín wa bí ẹni pín iṣu: èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n fi sọ́dọ̀ bàbá mi, kí ó má bàa máa dá jẹun, ìyẹn ni ìyá mi wí. Yàrá méjì là ń gbé ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá, nínú ọgbà kan tí àwọn ilẹ̀kùn dojú kọ ara wọn, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá wúkọ́ ní ìkangun kan, ẹni tó wà ní ìkangun kejì á kí i ní pẹ̀lẹ́. Ìró ni mo fi ń mọ àkókò níbẹ̀. Ìpè àdúrà ló máa ń kọ́kọ́ jí mi, lẹ́yìn náà bàtà bàbá mi lórí sìmẹ́ǹtì bó ti ń lọ wọ bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́yìn náà táyà ọmọlanke ọkùnrin Hausa tó ń ta omi, tí àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ń kọlu ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré á máa dún ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan títí a ò fi ní gbọ́ ara wa mọ́. Èyí tí mo máa ń retí nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹnì kan pe orúkọ mi. Ọ̀sán a máa lọ tán kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, n ó fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn mi ṣílẹ̀kùn, n ó gbé ẹ̀wà àná kaná, n ó pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, n ó fọ ọrùn ẹ̀wù bàbá mi, torí eruku Nyanya kì í bọ̀wọ̀ fún aṣọ funfun. Òun á dé nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. A ó jẹ ẹ̀bà, á bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?" n ó sọ ọ́, á ní, "Ó dáa," ó parí nìyẹn. Kì í ṣe pé ó le. Ìyá rẹ̀ tó bí i máa ń sọ pé, "Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi yìí, ẹ lọ rà á lọ́jà." Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, n kò sì mọ ohun tí n ó bá a sọ. Bí àwa méjèèjì ṣe máa ń jókòó nìyẹn, tí a ó máa gbọ́ bí àwọn ará ilé kejì ṣe ń jà tí wọ́n sì ń parí ìjà, inú mi a sì máa bàjẹ́ pé wọ́n tiẹ̀ ní ẹni tí wọ́n lè bá jà.

Orin ni ó máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu bàbá mi, kì í sì í ṣe orin tí àwọn bàbá yòókù nínú ọgbà ń gbọ́. Orin rọ́ọ̀kì ni, èyí tó le, tí gìtá inú rẹ̀ ń han bí ayùn àwọn tó ń ṣe àga ní Kugbo, tí ẹni tó ń kọ ọ́ sì ń lọgun bí ẹni tó já sí kànga. Àwọn òyìnbó ọkùnrin mẹ́rin kan, onírun gígùn, ni wọ́n ń kọ ọ́. Àwòrán wọn wà lára páálí kásẹ́ẹ̀tì kan tó ti ṣá. Bàbá mi kì í pe orúkọ ẹgbẹ́ wọn. "Àwọn èèyàn mi" ló máa ń pè wọ́n, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlọrin ni ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, Káyọ̀dé lórúkọ rẹ̀, kọ́kọ́ fi orin náà hàn án. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbọ́ ọ, tí wọ́n jọ ń jiyàn lé e lórí títí ìrẹsì wọn á fi jóná. Káyọ̀dé yìí ti kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Ní tìyá mi, ó ní òun fẹ́ orin náà mọ́ ọkọ òun ni, kò sì sí ẹni tó sọ pé dandan ni kí òun fẹ́ràn rẹ̀.

Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti ṣe àwo orin kẹ́yìn. Àwọn kan ní wọ́n ti tú ká, àwọn kan ní ara ọ̀kan nínú wọn ò yá. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi wọlé, kò bọ́ bàtà, ó dúró láàárín pálọ̀, ó ní, "Mojí, wọ́n ti ṣe tuntun." Mo ní, "Àwọn wo, sà?" Ó ní, "Àwọn èèyàn mi." Ó jókòó, ó tún dìde, ó tún jókòó. Ní ọjọ́ kejì a jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé orin sínú mẹ́mọ́rì fóònù lábẹ́ agboòrùn létí títì. Ẹni tó wà níbẹ̀ wá a títí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Oga, this one no dey o. Make I put gospel for you? E get one wey sweet die." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó rí ohun tó ń wá. Obìnrin kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló padà bá a ra síídì náà bọ̀. Ó gbé e wálé nínú báàgì rẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ẹni wé ẹyin.

Ó dúró di Sátidé kí ó tó ṣí i. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé, a kì í fi síńgílẹ́ẹ̀tì pàdé rẹ̀. Ó ní kí n dín dòdò. Iná wà lọ́jọ́ náà. Orin kìíní bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, mo tiẹ̀ rò pé ẹ̀rọ síídì bàbá mi ti bàjẹ́, kí ìlù tó já lù wá lójijì. Bàbá mi na ìka sókè, ó ní, "Gbọ́ ìlù yẹn. Ọwọ́ tó ń lù ú ti darúgbó, kò sì rọ̀." Nígbà tó di ìkẹta, ó dìde dúró. Ó ní gìtá méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń bèèrè, èkejì kọ̀, kò dáhùn, ó kàn ń da ìbéèrè náà padà fún un. Ó ní irú ìyẹn ò sí nínú gbogbo àwo wọn àtijọ́. Ó ní, "Gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí, Mojí. Kò lè dé ibi tó máa ń dé mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò díbọ́n. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ló dúró sí, ó ní kí gìtá máa bá òun lọ." N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ariwo nìkan ni mo gbọ́ nínú orin náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ojú bàbá mi ni mò ń wò, ó sì dà bí ojú ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìkarùn-ún kò ní ohùn ẹnikẹ́ni nínú, gìtá nìkan ni, ó lọ́ra, ó sì gùn. Bàbá mi ní ó dáa, àmọ́ ó gùn jù, Káyọ̀dé ì bá ti lọ pọnmi kó tó parí. Màmá Hàdízà, ará Kánò tó ń gbé lójúkojú wa, kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Sannu, Baban Moji. Lafiya dai?" pé ṣé àlàáfíà la wà. Ó wo aṣọ tí bàbá mi wọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó bi mí ní Pidgin pé ta ló ń ṣègbéyàwó nílé yìí. Dòdò mi ti jóná díẹ̀, bàbá mi jẹ ẹ́ láìmọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin tí wọ́n jọ máa ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, onítọ̀hún ní, "Ẹ̀yin tiẹ̀ ráyè." Ó pe ìyá mi, ó gbé fóònù sẹ́nu ẹ̀rọ kí ó lè gbọ́ ìkẹta látòkèdélẹ̀, ìyá mi ní, "Ó dáa, bàbá Mojí. Ṣé ẹ ti jẹun?" Èmi ni ó kù. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ọmọ ọdún mọ́kànlá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ? Ohun tí kò mọ̀ ni pé ní ọ̀sán, bí iná bá wà, mo ti ń fi àwo náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ ń ṣe é kí ilé má bàa pa rọ́rọ́ jù. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí nǹkan wà nínú rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ ibi tí gọ́tà wà ní òpópónà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo rí i pé ẹ̀wà a máa jinná kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo wà nílé.

Oṣù yẹn ni ó kàn wá láti gba ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lálejò. Gbogbo àwọn ará ìlú wa tó ń gbé ní apá ibẹ̀ ló máa ń ṣèpàdé lóṣooṣù, láti ilé ẹnì kan dé ilé ẹlòmíràn, wọ́n sì ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Ìròyìn Ayọ̀. Kí oúnjẹ tó dé, alága á bèèrè ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore láti ìpàdé tó kọjá. Onítọ̀hún á dìde, á sọ ọ́: ìyàwó mi bímọ, wọ́n gbé mi ga níbi iṣẹ́, ọmọ mi wọ yunifásítì. Gbogbo ilé á dìde, wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún sí i, wọ́n á ní, "A bá ọ yọ̀, tiwa náà á dé." Ọjọ́ pẹ́ tí bàbá mi ti ń na ọwọ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò tíì na ọwọ́ sí i rí, torí nǹkan tirẹ̀ kì í tètè dé. Àwọn tó bá a níbi iṣẹ́ ti kọjá lórí rẹ̀, òun ṣì wà níbi tó wà.

Ọjọ́ náà, àwọn ìyá méjì ló bá wa gúnyán lẹ́yìnkùlé, gbogbo ọgbà sì ti mọ̀ láti inú ìró ọmọ odó pé àwọn Èkìtì ti dé. Bàbá Alága, arúgbó onínúure kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, jókòó sórí àga tó dára jù, ó ń sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ. Nígbà tó bèèrè Ìròyìn Ayọ̀, bàbá mi dìde. Ojú gbogbo wọn là. Wọ́n rò pé ìwé ìyá mi ti dé. Màmá Ọláyínká, ìyá ẹgbẹ́, ti ń ṣe ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Bàbá mi ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹgbẹ́ olórin kan wà tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo wà ní Ìlọrin. Wọ́n ti dákẹ́ tipẹ́. Wọ́n wá gbé àwo tuntun jáde, ó sì dáa. Ó dáa gan-an ni. Mo ní kí n sọ fún yín, kí ẹ bá mi yọ̀." Wọ́n dúró de ìyókù ọ̀rọ̀. Kò sí ìyókù. Bàbá Alága wá ní, "Ọlọ́run á fún wa ní ayọ̀ tó jù báyìí lọ." Wọ́n ṣe àmín, àmín náà sì dún dáadáa. Kò sí ẹni tó na ọwọ́.

Ọkùnrin kan ní kí wọ́n tiẹ̀ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná. Bàbá mi sáré fi ìkẹta sí i. Gìtá ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ tí Màmá Ọláyínká ti gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Bàbá Mojí, irú èyí lẹ ń dá gbọ́ nínú ilé yìí, ẹ̀yin àti ọmọdébìnrin?" Kò bínú. Àánú wa ló ń ṣe é, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bàbá mi pa ẹ̀rọ náà. Bàbá Alága ní, "Ó yé mi o. Kì í ṣe ẹjọ́ yín. Ọkùnrin tí ò rí ìyàwó rẹ̀ látọjọ́ yìí wá, kò sóhun tí ò lè máa gbọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Alága wá ní, "Ẹ kúnlẹ̀ ká gbàdúrà fún yín. Ìdánìkanwà yìí ti ń wọ̀ yín lára." Bàbá mi kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo wọn dìde, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ tí wọn ò nà sí ayọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá nà báyìí, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run mú ẹrù náà kúrò lórí ìránṣẹ́ Rẹ̀, ó sì ń ṣe àmín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ omi ìfọwọ́. Mo fẹ́ sọkún, ṣùgbọ́n omi wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti dàgbà báyìí, èmi náà ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, mo ti na ọwọ́ sí ọkọ̀ tuntun àti sí ilẹ̀ tí ẹnì kan rà ní Kuje. N kò bínú sí wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ràn bàbá mi, wọ́n jẹ iyán wa tán, wọ́n sì bá wa fọ abọ́ kí wọ́n tó lọ. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tí wọ́n mọ̀ ni èyí tó ń gbé èèyàn láti ibì kan dé ibòmíràn, èyí tí bàbá mi gbé dìde kò sì gbé e lọ síbì kankan, ó kàn mú inú rẹ̀ dùn níbi tó jókòó sí. Lẹ́yìn ìpàdé náà, ó ra okùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á di ojú, orí rẹ̀ á máa mì, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ kò ju bí ìgbà tí kòkòrò wà nínú páálí ìṣáná lọ. Ilé tí a ti jọ ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ilé tí kálukú ti ń dá dákẹ́.

Ní Sátidé kan, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, n kò mọ̀ pé mò ń fi imú kọ orin. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá mi dúró tì mí, okùn etí rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ láyà.

"Kí lò ń kọ yẹn?"

"Kò sí, sà."

"Ìkarùn-ún ni. Níbo lo ti gbọ́ ọ tó fi wọ̀ ọ́ lórí báyìí?"

"Ọ̀sán ni, sà. Tí iná bá wà." Mo dúró de ìbáwí, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn.

Bàbá mi lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ baàfù. Ó ní, "Ìkarùn-ún gùn jù."

"Kò gùn, sà. Tó bá kúrú, ibi tó ti ń padà bọ̀ níparí ò ní dùn."

"Níbo ló ti ń padà bọ̀?"

"Níparí. Ó ti lọ tán, ó wá padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé."

Ó wò mí. Ó wọlé lọ, mo gbọ́ tí orin náà dún, sókè, láti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi parí. Ó ní, "Òótọ́ ni pé ó padà. Àmọ́ ìkẹta lolórí àwo yẹn, Mojí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́." Mo ní, "Ìkarùn-ún ni, sà." Ẹnu ya èmi fúnra mi, torí nílé tiwa, ọmọ kì í da ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu bàbá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé ẹ̀wù kan ṣoṣo ni mo ń fọ̀ lọ tí mi ò mọ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ò tán nílé wa mọ́. Bí ó bá ti wọlé, kì í béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa mọ́, á ní, "Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìkarùn-ún rẹ yẹn nínú bọ́ọ̀sì," iyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ irú ẹni tí Káyọ̀dé jẹ́ fún mi, bó ṣe máa ń jiyàn tí ò ní jẹ́ kí èèyàn mí. Ẹ̀bà wa a máa tutù. N kò rò pé mo tún ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì pẹ́ rárá. Màmá Ọláyínká ti pe ìyá mi ní Adó. Ó ní àwọn ti gbàdúrà fún bàbá Mojí o, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ máa dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, láìsí ìyá, pẹ̀lú ariwo burúkú létí. Ìyá mi pè ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó sọ fún bàbá mi pé tí wọ́n bá ti gba ọlidé kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, torí àárò mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Mo ń wo bàbá mi. Ó ṣí ẹnu, mo rò pé yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ fún obìnrin tó ń ṣàárò ọmọ rẹ̀ pé òun ò lè yọ̀ǹda ọmọ náà nítorí orin tí àwọn jọ ń jiyàn lé lórí? Ó ní, "Ẹ̀tọ́ ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó wà."

Gáréèjì Jabi ni mo ti wọ ọkọ̀ Adó. Bàbá mi gba ààyè wákàtí díẹ̀ níbi iṣẹ́ láti sìn mí, ó ra bíṣíkíìtì àti omi fún mi, ó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó bá ìyá tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ pé kó bá òun wò mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ ṣí, ó na síídì náà sí mi láti ojú fèrèsé. Mo ní kò sí ẹ̀rọ tí a ó fi gbọ́ ọ nílé ọ̀dọ̀ màmá. Mo ní, "Ẹ mú un dání, Dádì. Ẹ máa gbọ́ ọ sókè." Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó dì í mú mọ́ àyà bí àwọn èèyàn ṣe ń di Bíbélì mú, ọkọ̀ sì gbé mi lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé Adó. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé mi tòun ti báàgì mi. Ilé kún. Àwọn àbúrò mi gùn mí lórí, aládùúgbò kan gbé ẹran wá, ọ̀rẹ́ ìyá mi níbi iṣẹ́ wá wò mí bí mo ṣe ga tó. Wọ́n bi mí bóyá mo ti rí ààrẹ rí. Nígbà tí a jẹun tán, ìyá mi fà mí mọ́ra lórí àga, ó ní, "Sọ ìròyìn fún wa. Kí ló dùn mọ́ ọ jù lọ́hùn-ún?" Mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó dáhùn. Mo ní orin kan wà nínú àwo tuntun Dádì, ìkarùn-ún, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, Dádì ní ó gùn jù, àmọ́ kò gùn, torí ó máa ń padà níparí, bó sì ṣe máa ń padà nìyí. Mo fi ẹnu kọ ọ́. Mo fi ọwọ́ lu itan mi fún ìlù. Àbúrò mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó fi orí mi sáyà, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó ti tán. O ti délé báyìí."